Koríko Tó Kẹ́yìn Lórí Ọ̀sà

Bí ẹ bá ti ń fura látọjọ́ pé ẹni tí ìdọ̀tí ń bọ́ kì í fi gbogbo ẹnu gbàdúrà kí ìdọ̀tí tán, ẹ fọkàn balẹ̀, òótọ́ ni. Akànpósí kì í ṣe àmín gidi sí àdúrà àìkú. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì rí ni bí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti í rí ní ọjọ́ tí Ọlọ́run bá wá gbọ́ àdúrà àwọn ẹlòmíràn.

Ojú Ìbíyẹmí Ọ̀ṣínọ́wọ̀ ni kí ẹ wò.

Ó dúró níwájú ọkọ̀, ó di ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa koríko mú bí ọba ti í di ọ̀pá àṣẹ mú. Ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀, ó mọ́ bí àwo tí ìyàwó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Láyé ìyá ìyá rẹ̀, ẹni tó bá dúró síbi yìí kò ní rí omi rárá. Koríko ni ì bá rí títí dé ibi tí ojú mọ, pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó rẹwà bí irọ́. Àwọn àgbà a máa súre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Koríko àjèjì yìí dé, kò gbọ́ Yorùbá, ó gun orí àwọn méjèèjì jókòó.

"Ṣówándé, yà sí òsì."

"Òsì náà la ti ń bọ̀, Alága."

"Mo ní kí o yà sí i."

Ṣówándé yà sí i. Òun ni atukọ̀ wọn. Kíláàsì kan náà ni òun àti Ìbíyẹmí wà, kò sì sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan ìdánwò tó gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, ó ké sí omi: "Koríko o! Jáde wá! A ò ní fà ọ́ tu, a kàn fẹ́ kí ọ ni!"

Ẹ̀rín pa Tọ́ṣọ̀ọ́ tó jókòó láàárín àwọn agbọ̀n ní ìdí ọkọ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Ọdún kìíní ló wà, òun ló sì ń darí ẹní híhun fún gbogbo wọn, nítorí pé ìka ọwọ́ kì í bèèrè ọdún tí èèyàn wọlé ẹ̀kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Ìbí, kò sí nǹkan kan nínú agbọ̀n wa o."

"Mo lójú, Tọ́ṣọ̀ọ́."

"Ṣebí ó yẹ kí inú wa máa dùn ni?"

"Inú mi dùn." Ohùn tí Ìbíyẹmí fi sọ ọ́ ni èèyàn fi ń sọ pé eyín ń ro òun.

Ibẹ̀ ni Ojú-Ọ̀sà ti yọ sí wọn. Ẹ̀rọ ìjọba ni. Ó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí omi, ojú kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ìyá àgbà tó jẹun yó kó tó jáde. Ó wo àkọlé tí wọ́n kàn mọ́ imú ọkọ̀ bí ẹni tí kò kà á rí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń kà á.

"Ilé-iṣẹ́ Ẹní-Tútù, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìdí-Ọ̀sà. Ọ̀tá yín: koríko omi. Ẹ kú ìjà."

"Ojú-Ọ̀sà kú iṣẹ́. Kí ló kù?"

"Ìdì kan tí mo rí ní ìwọ̀ oòrùn, ẹ ti fà á tu. Ọ̀la ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí yí gbogbo ọ̀sà po. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí tí n kò rí ọ̀tá yín láàyè níbì kankan, n ó kéde pé ọ̀sà mọ́. Ẹ ó sì lọ sinmi."

Ó yí lọ. Ṣówándé fi ojú sìn ín.

"Ìsinmi. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn pe ikú."

"Òfin ni," ni Tọ́ṣọ̀ọ́ wí. "Ilé-iṣẹ́ tó bá dárúkọ ọ̀tá, ọjọ́ tí ọ̀tá bá kú ni òun náà ń kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní ilẹ̀, tí wọ́n fún wa ní ọkọ̀."

"Àwọn kan mọ ọ̀tá yàn jù wá lọ." Ṣówándé na ìka sí ọkọ̀ mìíràn tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n kọ Ọ̀TÁ WA: Ẹ̀FỌN sí lára gàdàgbà. "Àwọn yẹn ò ní kú títí ayé. Ọmọ ọmọ wọn á jogún rẹ̀."

"Ẹ rántí àwọn ará Ìbàdàn tó kọ Ọ̀tá Wa: Ìwà Ọ̀lẹ?"

"Ìjọba dá ìwé wọn padà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ wá ohun tí ojú lè rí."

Ìbíyẹmí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

*

Ilé wọn lórí omi náà ni, pèpéle gbọọrọ kan tó léfòó lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi ọ̀parun kọ́. Bí ẹ bá wọ ibẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, tí awọ ara yín ń pariwo, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ẹ ti kú, pé ibi ìtura tí wọ́n ṣèlérí fún yín rèé. Ẹní ló wà lójú gbogbo fèrèsé. Igi koríko omi ni wọ́n fi hun wọ́n. Wọn a yà á sí wẹ́wẹ́, wọn a sá a sóòrùn títí yóò fi fúyẹ́ bí ìyẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi òjò tí wọ́n fi ewé dóńgóyárò sè kí ó má baà tètè jẹrà, kí wọ́n tó hun ún. Ìkòkò amọ̀ kan wà lókè ẹní kọ̀ọ̀kan tó ń kán omi sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, kó tó dé inú yàrá, ó ti di ọmọlúàbí.

Láti ìgbà tí òfin ti dé pé ooru rẹ kò gbọdọ̀ kọjá ògiri rẹ, kò sí ẹni tó tún lè so ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ mọ́ ara ilé. Ọ̀kan ṣì wà ní yàrá ohun àtijọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ wò ó, wọn a máa rín in: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tó ni ín, tó sì ń dáná sun aládùúgbò! Ìlú wá ọ̀nà mìíràn, kò rí i. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ìwé lórí rẹ̀. Ọ̀wọ́ àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn dáadáa ló wo ìdọ̀tí tó bo ọ̀sà, tí wọ́n wo ooru tó ń pa èèyàn, tí wọ́n sì fi ọ̀kan gbá èkejì mú. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀: iṣẹ́ yìí dára. Ní ilé ìgbẹ̀bí Ìdí-Ọ̀sà, kò sí fèrèsé kan tí kò ní ẹní wọn. Àwọn ọmọ tí ooru ì bá pa lẹ́nu ọmú ń sunkún níbẹ̀ báyìí, ẹkún ọmọ tó lágbára. Bí ẹní bá sì lo ẹ̀ẹ̀rùn kan tán, wọn a gé e sídìí ẹ̀fọ́, ilẹ̀ a jẹ ẹ́, kò ní ku ohunkóhun.

Àwòrán Ìbíyẹmí náà wà níbẹ̀, tí wọ́n fi igi koríko aláwọ̀ méjì hun, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ó máa ń sọ fún àlejò pé àwọn ahunní ló fi ìfẹ́ ṣe é, pé òun kò tilẹ̀ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún imú hun.

Abẹ́ àwòrán yìí gan-an ni wọ́n bá Bàbá Awófẹ̀sọ̀ tó jókòó, tó gbé fìlà sórí orúnkún. Akọ̀wé Ìsìnkú Ilé-iṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti sin ilé-iṣẹ́ púpọ̀ láti ìhín dé Ògbójó, kò sì sí èyí tí kò sunkún fún, pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun kan náà.

Àwọn obìnrin méjèèjì kúnlẹ̀, Ṣówándé dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kú ikú ọlá," ni bàbá náà wí. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Òwúrọ̀ lẹ fẹ́ kí a sin yín ni àbí ìrọ̀lẹ́? Ìrọ̀lẹ́ dára fún fọ́tò."

"Bàbá, a ò tíì kú o, sà," ni Ìbíyẹmí wí.

"Gbogbo wọn ní í sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Àwọn tó bá ọ̀rá tó ń dí ojú gọ́tà jà lọ́jọ́sí, alága wọn, ọkùnrin gìrìwò báyìí, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Lónìí ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta ní èbúté. Àwọn ọmọdé ń kà á. Ó ti ń jẹ́ olóyè." Ó yíjú sí àwòrán ara ògiri. "Ìwọ nìyí? Imú rẹ̀ dára."

"Ẹ ṣé, sà." Ìbíyẹmí gbójú sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. "Bàbá, àwọn ilé ìgbẹ̀bí ńkọ́? Ẹní tó wà níbẹ̀ kò ní kọjá ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ta ni yóò hun tuntun?"

"Ìbéèrè tó dára nìyẹn."

"Kí ni ìdáhùn, sà?"

"Mo ní ìbéèrè tó dára ni. Òfin mọ ọ̀tá, kò mọ fèrèsé."

Ṣówándé fi ọwọ́ họ orí, ó ní, "Bàbá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní okùn nínú. A lè máa fi hun ún."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò tiyín bí gbogbo èèyàn. Ẹ ó tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà lórí ìlà. Kó tó kàn yín, àwọn ọmọ ìkókó tí ẹ ń wí yìí á ti máa ka ìwé."

Lójú kan náà, ojú rẹ̀ lọ sí igun ilé. Ọpọ́n amọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kún fún omi òjò, koríko omi kan sì wà nínú rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú òdòdó méjì. Òfin gbà kí wọ́n sin ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọdé lè mọ ohun tí ó bá àwọn baba wọn jà.

"Ẹlẹ́wọ̀n yín rèé! Ó sanra o."

"A ń fún un lóúnjẹ, sà," ni Ṣówándé wí.

"Lọ́jọ́ ìkéde ni ẹ ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ ọ o. Ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ tó bá bọ́ sómi, kí oṣù tó lé lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bí ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ ti bí agbo. Gbogbo wàhálà yín á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó dé fìlà rẹ̀, ó kí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Omi ń kán láti inú ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n Ìbí," ni Tọ́ṣọ̀ọ́ pè é, "ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Báwo ni mo ṣe ń wò ó?"

"Bí ìyá ọmọ."

"Mo ń ronú ni."

"Ohun tí ẹ ń rò náà ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bojú wẹ̀yìn. Inú koríko yìí ni bàbá mi fi ọkọ̀ rẹ̀ sí. Apẹja ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Àjẹ̀ kò ráyè wọ omi mọ́. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà olówó. Ọjọ́ tí mo wọ ilé-iṣẹ́ yìí, ẹ dúró síbi tí ẹ wà yìí, ẹ ní ọjọ́ tí koríko bá tán pátápátá la ó jó. Mo ti ra bàtà ijó."

"Mo mọ ohun tí mo wí."

"Ó tún un wí níwájú gómìnà," ni Ṣówándé fi kún un. "Ó tún un wí lórí rédíò. Àwa la máa ń pàtẹ́wọ́."

"Ṣówándé, ẹ̀fẹ̀ kọ́ nìyí! Àwọn ọmọ ọwọ́ ni mò ń sọ. Bí ooru bá dé, tí fèrèsé bá ṣófo, ta ni wọ́n ń bi? Wọ́n á ní, 'Ẹní-Tútù ńkọ́?' Ẹ ó ní kí n dáhùn pé a ti kú, pé wọ́n sin wá dáadáa?"

"Bí a bá tún un gbìn," ni Tọ́ṣọ̀ọ́ wí, "àwa gan-an la di ọ̀tá. Wọ́n á kọ orúkọ wa sára ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn."

Kò sí ẹni tó tíì bá Ìbíyẹmí sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá ọmọ ọdún kìíní. Ó wò ó pẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbá a lẹ́jìká.

"O ṣe bẹbẹ. N kò ní ṣe é."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́ nípa rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ ló máa ń sọ tọkàntọkàn, nígbà tó bá ń sọ ọ́.

*

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló gbé ọpọ́n náà sínú ọkọ̀ kékeré, ó fi aṣọ bò ó bí ẹni gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn. Òun nìkan ló wa ọkọ̀ náà. Ó gba ẹ̀ka ọ̀sà kan tí igi bò lójú, níbi tí apẹja kì í dé, ó ṣí aṣọ, ó jókòó, ó ń wò ó.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàánú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló kọ́kọ́ wọ omi yìí nígbà tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù ejò. Òun ló lọ bá àwọn agbẹ̀bí, tí wọ́n lé e, tó tún padà lọ, tí wọ́n tún lé e, tó wá fi ẹní kan kọ́ ojú fèrèsé wọn láìgbàṣẹ, tó sì dúró sábẹ́ igi títí wọ́n fi jáde wá bèèrè ẹni tó ṣe é. Àánú àwọn ọmọ ìkókó ń ṣe é nítòótọ́. Àánú àwòrán ara ògiri náà ń ṣe é. Èwo ló wúwo jù nínú méjèèjì, òun gan-an kò mọ̀, kò sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n.

"Má rò pé mo fẹ́ràn ẹ," ló sọ fún koríko náà. "Ẹyọ kan péré ni. A ó máa ká ọ bí ẹ̀fọ́. A ò ní jẹ́ kí o tàn."

Koríko kò dáhùn, ìwà tí Ìbíyẹmí fẹ́ràn lára olùgbọ́ nìyẹn. Ó fà á gbé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, ó tún gbé e kúrò nínú òjìji kí oòrùn lè rí i. Nígbà tó ń padà bọ̀, orin ló ń kọ. Ó gbé koríko onírọ́bà kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sínú ọpọ́n, kò sì sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, inú rẹ̀ dùn débi pé Tọ́ṣọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín kiri ọgbà. "Ẹ wo èèyàn tí òpin ò bà lẹ́rù!" Kò padà lọ sí ẹ̀ka ọ̀sà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀lé e. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń dúró níwájú dígí, ó ń fi ojú ara rẹ̀ dánrawò: bí yóò ti yanu, bí yóò ti fi ọwọ́ léyà, bí yóò ti ní, "Háà! Ṣé ó tún kù ni?"

*

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, gbogbo pèpéle kún. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó títí dé orí òrùlé, àwọn agbẹ̀bí wá nínú aṣọ iṣẹ́, bàbá Tọ́ṣọ̀ọ́ náà wá, ó dúró sẹ́yìn, ó di fìlà mú. Bàbá Awófẹ̀sọ̀ ti na áńkáṣíìfù sílẹ̀. Ojú-Ọ̀sà rọra dé, ó dúró, ojú rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan.

Ìbíyẹmí tún ojú rẹ̀ ṣe.

"Mo ti yí ọ̀sà po," ni ẹ̀rọ náà wí. "Mo wọ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. N kò rí koríko omi kan láàyè. Ọ̀sà mọ́."

Fèrè ìjọba dún. Ariwo sọ. Tọ́ṣọ̀ọ́ bú sẹ́kún, ó ń jó, ó ń sunkún, Ṣówándé gbé e sókè, àwọn agbẹ̀bí ń pàtẹ́wọ́. Ní àárín gbogbo rẹ̀ ni ohùn kan ti ta jáde, tó mú ṣáṣá bí ìgò tó fọ́.

"Irọ́ ni!"

Gbogbo ojú yí sí Ìbíyẹmí.

"Tún un wò!" ló ń sọ fún ẹ̀rọ. "Ẹ̀ka tó wà níbi tí igi ti bo omi, lápá ìlà oòrùn, ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀."

"Ṣé o wo apá ibi tí oòrùn ti ń ta sí i?"

"Ibẹ̀ gan-an ni mo wò."

"Ó wà níbẹ̀! Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀!"

Ṣówándé sọ Tọ́ṣọ̀ọ́ kalẹ̀. Ó rìn lọ sí igun ilé, ó fa koríko inú ọpọ́n, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó dún bí bọ́ọ̀lù.

"Alága," ó ní, kò sì rẹ́rìn-ín, "ta ló tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀?"

Ìbíyẹmí lè parọ́. Ẹnu rẹ̀ mọ ọ̀nà, olùgbọ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó rí i. Ó wo Tọ́ṣọ̀ọ́, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó na ara rẹ̀ ró.

"Èmi ni. Èmi nìkan ni. Àwọn tó kù kò mọ̀."

Ẹ lè kórìíra rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Ó dúró gan-an bí ó ti dúró nínú àwòrán, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó ní kó dúró bẹ́ẹ̀.

Bàbá Awófẹ̀sọ̀ ká áńkáṣíìfù rẹ̀ padà sápò. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó," ló wí.

Bàbá náà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ ọkọ̀, Ṣówándé ń tù ú. Wọ́n dé abẹ́ igi. Koríko náà wà níbi tí Ìbíyẹmí gbé e sí gan-an. Ó ti pọ́n bí ohun tí wọ́n dín, òdòdó rẹ̀ ti ká jọ, gbòǹgbò rẹ̀ ń já sílẹ̀. Ojú-Ọ̀sà kì í ka òkú.

Tọ́ṣọ̀ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi dandan lé e pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi láìwọ̀, ó gbé e sókè, ó yí ewé rẹ̀ wò. Etí ewé náà jóná yí po.

"Ta ló fi oògùn sí i?" ni Bàbá Awófẹ̀sọ̀ bèèrè.

"Oògùn kọ́, sà." Ohùn Tọ́ṣọ̀ọ́ kéré. "Mo ti rí irú èyí rí. Nígbà tí bàbá mi ṣì ń pẹja, ó máa ń gbé mi lọ sí ẹnu òkun. Koríko tí omi bá ti gbé láti inú ọ̀sà débẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyí. Omi òkun ni kì í gbà á. Kì í pẹ́ rárá kó tó kú."

"Òkun jìnnà síbí," ni Ìbíyẹmí wí.

"Ó jìnnà tẹ́lẹ̀," ni Ṣówándé wí. Ó ti dá àjẹ̀ dúró. Ó ń wo ọ̀sà tó tẹ́ lọ rẹrẹ, tó mọ́ láìku ẹyọ kan. "Tọ́ṣọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù ńkọ́? Gbogbo èyí tó tán lọ́dún yìí, ṣé àwa..."

"Àwa la fà á tu!" ni Ìbíyẹmí wí. "Àwa la fi ọwọ́ wa fà á tu!"

Ìbíyẹmí bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ti ọwọ́ bọ ọ̀sà, ó bu omi díẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

Omi náà níyọ̀.